Ọ̀gá Tí Kì Í Fọwọ́ Sí Ìsàlẹ̀ Ìwé

"Màmá, ta ni mí?"

"Ẹ̀yin?"

"Èmi. Ẹ wò mí dáadáa. Ta ni mí?"

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ni, ọmọ mi?"

"Èmi kọ́ là ń dán wò! Ẹ̀yin là ń dán wò! Mo ní ta ni mí?"

"Ọ̀gá ni yín."

"Ọ̀gá wo?"

"Ọ̀gá ilé ìwòsàn yìí."

"Ẹ máa bá a lọ."

"Ó ti parí."

"Kò tíì parí! Ó ku mẹ́fà!"

"Ọ̀gá mẹ́fà mìíràn tún ń bọ̀ ni?"

"Oyè mẹ́fà! Oyè mi!"

"Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹrù yẹn mà wúwo o."

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀! Kò ní làákàyè tó lè fi dá ìpinnu ṣe. Abẹ́rẹ́, lọ́jọ́ Ẹtì, aago méjìlá ọ̀sán, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí kò fi ṣeré. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mẹ́rin gbé ga ju ti gbogbo èèyàn lọ, ó ń fi áńkáṣíìfù funfun nu iwájú orí, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gidi. Ó ń rò ó lọ́kàn pé: ayé mà ti bàjẹ́ o! Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, tí ojú rẹ̀ là kedere, kò mọ oyè mi. Bí èyí kì í bá ṣe àìsàn, kí ló tún ń jẹ́ àìsàn?

Clement Adéníran ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Èkìtì. Gbogbo ìyókù, òun fúnra rẹ̀ ló tọrọ wọn, tàbí tó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tó kàn fi wọ́n jẹ ara rẹ̀: Dókítà, Díákónì, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Alága Ìgbìmọ̀ Làákàyè, Òpó Ilé Ìwòsàn, Baba Aláìsàn, Àtùpà Igbó-Elérin. Méje géérégé. Kò kọ́ṣẹ́ ìṣègùn rí o. Dókítà yẹn, ilé ẹ̀kọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ ló fi dá a lọ́lá nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pípín ààyè ìgbọ́kọ̀sí fún àwọn òṣìṣẹ́ nínú ọgbà ọ́fíìsì kan, ó sì mọ iṣẹ́ náà débi pé nígbà tó fi máa kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan ló ní ààyè.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá Ilé Ìwòsàn Ìfọ̀kànbalẹ̀. Àwọn tí ọpọlọ wọn ń fẹ́ ìtọ́jú ló wà níbẹ̀, ní àdúgbò kan ní Igbó-Elérin tí kò jìnnà sí títì. Béèyàn bá jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, yóò máa gbọ́ fèrè tírélà láti apá Òkókómáìkò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin wí, nítorí Clement kò ní sọ ọ́ fún yín. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò balẹ̀ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìtọ́jú tàbí kó kọ̀ ọ́, àfi tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò lè dá ìpinnu yẹn ṣe ní àkókò yẹn. Àyẹ̀wò ọ̀hún kò sì le. Ṣé ohun tí a bá a sọ yé e? Ṣé ó ń rántí rẹ̀? Ṣé ó lè wo rere rẹ̀ àti búburú rẹ̀, kó wọ̀n wọ́n wò? Ṣé ó lè sọ ibi tí ọkàn rẹ̀ dúró sí? Ó tán.

Màmá tí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Fàúsátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́. Fìlà ló ń rán. Fìlà tí ìyá yìí bá fi ọwọ́ rán, wọ́n ń dé e láti Ìyànà Ìbà dé Navy Town, ẹni tó bá sì dé e kì í fẹ́ ṣí i, ì báà wà níwájú ọba. Ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ oyè yẹn ṣẹlẹ̀; láàárọ̀ ọjọ́ náà, Nọ́ọ̀sì Yẹ́misí, ọmọ Oǹdó tí kì í pariwo, ti fi ìbéèrè mẹ́rin yẹn yẹ̀ ẹ́ wò.

"Màmá, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ máa gún fún yín lóṣooṣù yìí, kí ló ń ṣe?"

"Ohùn tó ń bá mi jà létí, ó ń pa á lẹ́nu mọ́. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó ń ṣiṣẹ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò fẹ́ ẹ?"

"Ó ń mú ọwọ́ mi gbọ̀n. Lọ́dún tó kọjá, oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Màá jókòó ti fìlà, màá máa wò ó, òun náà á máa wò mí."

"Tí a bá fún yín ní oògùn oníhóró ńkọ́?"

"Ohùn yẹn ò ní lọ tán. Á máa kùn lábẹ́lẹ̀ bí ayálégbé tí wọ́n já iná ẹ̀. Kó máa kùn! Ìyẹn ò ní kí n má rán fìlà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń gbàgbé àtilò ó, yóò padà wá jà. Mo mọ̀. Tèmídayọ̀ ọmọ mi á máa dúró tì mí láràárọ̀ títí màá fi gbé e mì."

Yẹ́misí kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kà á, ó ní ọ̀rọ̀ ìyá yìí já gaara, kí wọ́n fún un ní oníhóró. Ìwé náà wá dé orí tábìlì Clement. Clement ka ìbéèrè mẹ́rin náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, kò rí i. Ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí níbẹ̀ náà.

"Ìbéèrè yìí kò kún," ó sọ fún Basit, akọ̀wé rẹ̀. "Ẹni tí kò mọ ẹni tó ń tọ́jú òun, báwo ni yóò ṣe mọ ìtọ́jú?"

"Yéè!" Basit di àyà mú. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ sọ yẹn ti gbá mi ṣubú."

Clement tún un sọ. Basit tún ṣubú.

Bí Ìdánwò Oyè Méje ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ka oyè ọ̀gá tán láìfo ọ̀kan, làákàyè rẹ̀ pé. Ẹni tó bá fo ọ̀kan, wọ́n á bá a pinnu. Fàúsátù fo mẹ́fà.

Ẹni tó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ Ajé yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Àlàní, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò ní Òkókómáìkò. Oorun kò kan ojú rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin. Ó gbà pé títì Badagry ni kíláàsì òun, pé àwọn ọkọ̀ ń pẹ́ wá síléèwé. Kò mọ̀ pé ara òun kò yá, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ oògùn. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ìyẹn.

"Ta ni mí?" ni Clement bi í.

Àlàní dìde, ó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ka oyè méjèèje pẹ̀lú ohùn tí àwọn ọmọléèwé fi ń ka ìsọdipúpọ̀. Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀. Omijé lé ròrò sójú Clement.

"Ọkùnrin yìí gbọ́n ju èmi gan-an lọ!"

Níbi yìí, ẹ jẹ́ ká gbà pé ọ̀gá sọ òótọ́.

"Sà," Yẹ́misí ní, "kò tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́rin. Kò yẹ kó lọ."

"Nọ́ọ̀sì, ta ni ọlọ́gbọ́n tó ń sùn? Ó ní òun ò fẹ́ oògùn, làákàyè rẹ̀ sì pé. Ẹ ṣí géètì fún un."

Wọ́n ṣí géètì fún un.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìbuwọ́lùwé. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọjọ́ kan gbáko ni ọ̀gá yà sọ́tọ̀ fún un. Gbogbo òṣìṣẹ́ á dúró. Basit á gbé kálàmù aláwọ̀ wúrà wọlé nínú àwo ẹlẹ́sẹ̀, bí ẹni gbé oúnjẹ fún àlejò. Clement á wọlé, á dúró díẹ̀ kí wọ́n lè wò ó, á sì máa fọwọ́ sí ìwé ìtọ́jú àwọn aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í kà wọ́n. Ó ní kíkà ni iṣẹ́ ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú.

Ìlà méjì ló wà lórí ìwé yẹn. Ti òkè: *Mo gbà láti gba ìtọ́jú yìí*, kí ẹni tó fẹ́ gba ìtọ́jú fọwọ́ sí i. Ti ìsàlẹ̀: *Ó ṣojú mi*, fún òṣìṣẹ́. Ọ̀gá kì í fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ohunkóhun. Òkè ló ń fọwọ́ sí. Láti oṣù mẹ́ta tó ti débẹ̀, òkè ni.

"Sà," Yẹ́misí rọra wí, nígbà tó kan ìwé Fàúsátù, "ìlà òkè yẹn, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́."

Kálàmù dúró.

"Yẹ́misí."

"Sà."

"Láti ìgbà wo ni orúkọ aláìsàn ti ń jókòó lé orúkọ mi lórí?"

"Bí ìwé ṣe ní ká ṣe é nìyẹn, sà."

"Ṣé ìwé ló gbà ọ́ síṣẹ́?"

"Ìwé kọ́!" Basit ló dáhùn.

"Ṣé ìwé ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí Igbó-Elérin?"

"Ìwé kọ́ o! Àtùpà ni!"

"Nígbà náà, kí nọ́ọ̀sì máa to ìwé, kí ọ̀gá máa fọwọ́ sí i."

Yẹ́misí to ìwé. Ó to wọ́n sínú fáìlì bí wọ́n ṣe rí gan-an, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ gàgàrà lókè. Ẹ rántí fáìlì yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ bá Fàúsátù lábẹ́ igi fúrúùtù, níbi tí màmá ti ń rán ìdí fìlà kan kíákíá, bí ẹni tí wọ́n fún ní gbèdéke.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní oyè yẹn. Méje péré ni. Tí ẹ bá kà á, wọn ò ní gún yín lọ́jọ́ Ẹtì."

"Mo ti mọ̀ ọ́n."

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Kí wọ́n tó ṣí géètì fún Àlàní, alaalẹ́ ló ń ka oyè yẹn mọ́jú. Ta ni ò ní mọ̀ ọ́n?"

"Kí ló wá dé tí ẹ ò kà á fún wọn?"

Fàúsátù já òwú pẹ̀lú eyín. "Ọmọ mi, ọwọ́ mi ni. Mi ò ní fi oyè ẹlòmíì rà á padà."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, fóònù ọ́fíìsì dún. Basit ló gbé e. Clement ń mu tíì.

"Ẹ̀ló, ṣé Ilé Ìwòsàn Ìfọ̀kànbalẹ̀ nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú ọ̀gá yín ní Ìyànà Ìbà."

"Ọ̀gá wa? Ọ̀gá wa ń mu tíì níbí."

"Irọ́ o. Ó dúró sí àárín títì. Ó ní òun ni Dókítà, Díákónì, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, kí lẹ tún ń pè é, Òpó kan báyìí, Àtùpà kan báyìí. Ó ti dá tírélà mẹ́sàn-án tó ń lọ sí Alábà dúró. Ó ní kò sẹ́ni tó máa kọjá tí kò bá ka ìsọdipúpọ̀ méje."

"Ìsọdipúpọ̀ méje?"

"Dírẹ́bà kan ti bá a dé méje lọ́nà mẹ́jọ, ó wá ṣì í. Ó ní kó padà sẹ́yìn ìlà."

Basit bo ẹnu fóònù, ó ṣàlàyé. Clement gbé ife tíì kalẹ̀. Kò bèèrè bóyá ọkọ̀ gbá olùkọ́ náà. Kò bèèrè bóyá ó ti jẹun.

"Ṣé ó pe oyè náà pé?"

"Ó pe méjèèje, sà."

"Ó kéré tán," ni ọ̀gá wí, ó sì tún gbé tíì rẹ̀.

Yẹ́misí ló sáré gun ọ̀kadà lọ sí Ìyànà Ìbà. Àwọn obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ ti rọra fa Àlàní kúrò lójú títì, wọ́n fún un lómi. Yẹ́misí mú un padà. Nígbà tó bá dókítà sọ̀rọ̀ tán, ó gbà láti sùn, ó sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Àmọ́ fóònù gbogbo èrò ibẹ̀ ti ya fídíò: *Ọ̀gá Ilé Ìwòsàn Ọpọlọ Ń Kọ́ Tírélà ní Ìṣirò.* Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fídíò ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba ní Aláúsá.

Ọjọ́ Ẹtì, aago mọ́kànlá ààbọ̀. Fàúsátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá ìtọ́jú. Àwo abẹ́rẹ́ wà lórí tábìlì, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Màmá di abẹ́rẹ́ ìránṣọ rẹ̀ mú, ó ń ti òwú bọ ojú rẹ̀, ó ń yọ ọ́, ó tún ń tì í bọ̀ ọ́, bí ẹni tó ń dágbére.

Àsìkò yẹn ni Arábìnrin Maimunat, tí ìjọba rán wá ṣe àyẹ̀wò, wọlé láti Aláúsá. Bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀, báàgì lílọ́ kan ló gbé kọ́ èjìká. Clement ti to gbogbo òṣìṣẹ́ sórí ìlà, ó ti mú ìwé ọ̀rọ̀ ìkíni olójú-ewé mọ́kànlá dání.

"Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì láti Aláúsá," ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn obìnrin náà bóyá àwọn èèyàn pàtàkì ṣì ń bọ̀, "nígbà tí Olódùmarè dá ọpọlọ, ó mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, ọpọlọ yóò nílò ọ̀gá..."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Fáìlì ìtọ́jú dà?"

"Mo ṣì wà ní ojú-ewé kìíní."

"Mo gbọ́, sà. Fáìlì."

Yẹ́misí gbé e fún un. Maimunat jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Fàúsátù lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí mẹ́wàá. Ó ṣí ogún. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Nínú àwọn aláìsàn yín, ta ni Clement Adéníran?"

Clement rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi ni Dókítà, Díákónì, Ọ̀gá Àgbà..."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ara ti ń yá báyìí?"

"Ara mi le koko!"

"Ọpẹ́ ni. Nítorí ohun tó wà níbí ni pé láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ gbà láti gba ìtọ́jú ọpọlọ nígbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn aláìsàn kò gba nǹkan kan. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbà. Ṣé ọwọ́ yín nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni. Ẹ wo bó ṣe rẹwà!"

"Ó rẹwà. Ti òní náà wà níbẹ̀, aago méjìlá." Ó wo aago ara ògiri. "Nọ́ọ̀sì, bí ìwé ṣe wí, ta ló ni abẹ́rẹ́ yẹn?"

Yẹ́misí kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí aṣọ orí àwo. "Bí ìwé ṣe wí, mà, ọ̀gá ló ni ín."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè."

Ẹ wo ọ̀gá! Ó fò sẹ́yìn, ó tẹ ẹsẹ̀ Basit mọ́lẹ̀, ojú-ewé mọ́kànlá fọ́n káàkiri ilẹ̀.

"Ẹ má gún mi!"

"Ṣé ẹ ò gbà ni?"

"Mi ò gbà!"

"Kí ló dé, sà?"

"Ara mi ni! Ta ló lè fi abẹ́rẹ́ gún ara mi láìjẹ́ pé mo gbà?"

Lórí bẹ́ǹṣì, Fàúsátù gbé ojú sókè. "Ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ Ajé nìyẹn."

Maimunat ní kí wọ́n da aṣọ bo àwo padà. "Ẹnikẹ́ni ò ní gún yín, sà. Ẹ kàn sọ fún mi, kí ni abẹ́rẹ́ yẹn ń ṣe?"

Clement la ẹnu. "Abẹ́rẹ́... jẹ́ ohun kan tí a... Gẹ́gẹ́ bí Alága Ìgbìmọ̀ Làákàyè..."

"Kí ni ewu rẹ̀?"

"Gẹ́gẹ́ bí Òpó Ilé Ìwòsàn..."

"Ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n," Fàúsátù bá a dáhùn. Àánú ọ̀gá ló ṣe é. "Ó ń pa ohùn lẹ́nu mọ́, àmọ́ ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Maimunat yọ ìwé kan nínú báàgì. "Ẹ bá mi fọwọ́ sí èyí, sà."

Ìfọwọ́sí! Ara Clement yá. Ilẹ̀ tó mọ̀ ọ́n rìn nìyí. Ó na ọwọ́, Basit gbé kálàmù wúrà fún un. Ó fa orúkọ rẹ̀ gàgàrà sí ìlà òkè, ó sì fi ìrù sí i.

"Ẹ ṣé. Ẹ bá wa kà á sókè."

Clement gbé e sókè. "*Èmi, tí mo fọwọ́ sí òkè ìwé yìí... fi ipò mi sílẹ̀ lónìí... kò sí ẹni tó fipá mú...*" Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí iná àtùpà tí epo tán nínú rẹ̀.

Maimunat gba ìwé náà, ó fà á ya sí méjì. "Mi ò lè lò ó. Ẹni tí ohun tó fọwọ́ sí kò bá yé e, kò tíì gbà á. Òfin tó dáàbò bo Màmá yìí, ó dáàbò bo ẹ̀yin náà."

Clement mí kanlẹ̀. Ó wá rí i pé òfin dára. Ó tiẹ̀ ń wá ojú-ewé kìíní ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀ nílẹ̀.

Ìwé kejì jáde nínú báàgì. "Èyí wá láti Aláúsá nítorí olùkọ́ tí ẹ tì síta sáàárín tírélà. Wọ́n ní kí ẹ lọ rọ́kún nílé láti òní títí ìwádìí yóò fi parí. Kò nílò ìfọwọ́sí ẹnikẹ́ni."

Clement yí ìwé náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Kò tiẹ̀ sí ìlà kankan níbẹ̀?"

"Kò sí ìlà, sà."

"Ọ̀rọ̀ ńlá!" Basit di àyà mú, ó kọjú sí Maimunat. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ!"

Kò pẹ́ tí aago méjìlá lù tí wọ́n fi fún Fàúsátù ní ìwé tuntun. Yẹ́misí kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oògùn oníhóró. Màmá bèèrè ìbéèrè méjì, wọ́n dá a lóhùn, ó sì fọwọ́ sí ìlà òkè pẹ̀lú ọwọ́ tí kò gbọ̀n. Yẹ́misí fọwọ́ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀run kò ya.

Nídìí géètì, Clement dúró sábẹ́ igi fúrúùtù pẹ̀lú páálí kan. Kálàmù rẹ̀ wà nínú páálí náà, àwo ẹlẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ti gba ọkọ̀ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ akérò sì ń kọjá láìdúró. Ní tòótọ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ó ń retí kí wọ́n kọ́kọ́ kí òun.

Tèmídayọ̀ ti wá mú ìyá rẹ̀ lọ sílé. Ó na ọwọ́ kan péré, kẹ̀kẹ́ dúró. Fàúsátù ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé kó tó bojú wẹ̀yìn.

"Ọmọ mi, kí lorúkọ ẹ gan-an?"

Ó la ẹnu bó ṣe máa ń là á. "Dó..." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́ni tó máa ṣubú. "Clement," ó wí.

"Clement." Màmá fi orí gbà á, ó jókòó, ó gbé àpò fìlà rẹ̀ lé itan. Kẹ̀kẹ́ ti ń lọ nígbà tó na orí síta. "Ṣé o rí i, Clement? Ká ní ìyẹn nìkan lo ní kí n kà lọ́jọ́ Ajé, ǹ bá ti yege!"